Ètò Ìtọ́jú Àpapọ̀ fún Jẹjẹrẹ Próstéètì

Jẹjẹrẹ próstéètì kì í ṣe àìsàn tí dókítà kan ṣoṣo lè dá tọ́jú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Abẹ́ àpò ìtọ̀ ni próstéètì wà. Ó yí ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà jáde ká, òun ló sì ń pèsè apá kan nínú omi tó ń gbé àtọ̀. Bí jẹjẹrẹ bá mú un, ìwà rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan. Òmíràn á wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ogún ọdún, kò ní dí ẹni tó ni ín lọ́wọ́, nǹkan mìíràn ni yóò sì pa onítọ̀hún nígbẹ̀yìn. Òmíràn á ti wọ egungun ẹ̀yìn kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ó ń bẹ lára. Ọ̀nà ìtọ́jú rẹ̀ náà pọ̀: a lè ní kí ọkùnrin máa wá fún àyẹ̀wò lóòrèkóòrè láìfọwọ́ kàn án, a lè yọ próstéètì náà kúrò, a lè dojú ìtànṣán kọ ọ́, a lè dá hòmóònù akọ dúró, a sì lè fi oògùn kímò tàbí oògùn oníhóró bí abiraterone kún un. Kò sí dókítà tó mọ gbogbo wọn lò bákan náà.

Níbi tí kò bá ti sí ètò, ibi tí aláìsàn bá kọ́kọ́ yà sí ló ń pinnu ìtọ́jú tó máa gbà. Ẹni tó bá bá oníṣẹ́ abẹ pàdé, ọ̀rọ̀ abẹ ni yóò gbọ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ dókítà onítànṣán, ìtànṣán ni. Kì í ṣe pé àwọn dókítà ń parọ́. Ohun tí ọwọ́ kálukú mọ̀ ni ọkàn rẹ̀ ń gbà gbọ́. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò fi ẹnikẹ́ni sípò tó fi lè máa fọ́nnu lórí ẹnìkejì. Nínú ìwádìí tí wọ́n ń pè ní ProtecT, tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n pín ọkùnrin 1,643 tí jẹjẹrẹ wọn kò tíì jáde kúrò nínú próstéètì sí ọ̀nà mẹ́ta: iṣẹ́ abẹ, ìtànṣán, àti ká kàn máa ṣọ́ ọ. Èsì ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó jáde ní 2023 fi hàn pé 45 péré nínú gbogbo wọn ni jẹjẹrẹ náà pa, iye tó kú nínú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan kò sì fẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Ohun tí ìtọ́jú fi sílẹ̀ sára ló yàtọ̀. Àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ ni ìtọ̀ ń jò lára wọn jù, agbára ọkùnrin wọn ló sì kọ́kọ́ lọ sílẹ̀ jù. Ìgbẹ́ ló ń da àwọn tó gba ìtànṣán láàmú. Ẹni tí yóò yan ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí ní láti gbọ́ ẹnu gbogbo àwọn tó ń ṣe é.

Ètò tó yí nǹkan padà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ láti inú ìjábọ̀ tí Kenneth Calman àti Deirdre Hine gbé jáde ní 1995. Calman ni olórí dókítà ìjọba fún England, Hine ni ti Wales. Ohun tó ń ká wọn lára ni pé àdúgbò tí èèyàn ń gbé ló ń sọ irú ìtọ́jú jẹjẹrẹ tó máa rí gbà. Wọ́n ní kí àwọn ilé ìwòsàn dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, kí ẹni tó mọ abẹ, ẹni tó mọ ìtànṣán àti ẹni tó mọ oògùn jọ máa jókòó lórí ọ̀rọ̀ aláìsàn kan náà. Ní 2002, àjọ NICE, tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú níbẹ̀, gbé ìwé ìlànà jáde fún jẹjẹrẹ ọ̀nà ìtọ̀, ó sì pín iṣẹ́ sí ìpele méjì. Ẹgbẹ́ àdúgbò yóò máa ṣe àyẹ̀wò àti ìtọ́jú tí kò le. Ẹgbẹ́ àwọn ògbóǹtarìgì yóò wà fún agbègbè tí èèyàn ibẹ̀ tó mílíọ̀nù kan, àwọn nìkan ni yóò sì máa yọ próstéètì tàbí àpò ìtọ̀ tí jẹjẹrẹ ti mú. Ìwé náà ní irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ kò gbọ̀dọ̀ dín sí 50 lọ́dún lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí iṣẹ́ abẹ rọ́bọ́ọ̀tì dé, NICE ní kí wọ́n kó o sí ibi tó bá ń ṣe tó 150 lọ́dún. Irú òfin báyìí kì í dùn mọ́ oníṣẹ́ abẹ tó ń ṣe mẹ́ta mẹ́rin lọ́dún, torí ó ní láti fi ọ̀bẹ rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń ṣe nǹkan léraléra ló ń mọ̀ ọ́n ṣe, pàápàá níbi tí iṣan tó ń gbé nǹkan ọkùnrin dìde ti lẹ̀ mọ́ ara próstéètì pẹ́kípẹ́kí.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn ọmọ Yorùbá tó wà lọ́hùn-ún gidigidi. Nínú ọkùnrin mẹ́jọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan ni jẹjẹrẹ próstéètì máa ń mú nígbà ayé rẹ̀; nínú àwọn aláwọ̀ dúdú, ọ̀kan nínú mẹ́rin ni. Bàbá tó ń gbé ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, tí àyẹ̀wò sì fi hàn pé jẹjẹrẹ ló ń ṣe é, orúkọ rẹ̀ yóò dé orí tábìlì ìpàdé irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, ì báà mọ̀, ì báà má mọ̀. Àbúrò rẹ̀ tó wà ní Àkúrẹ́ lè ní àìsàn kan náà gan-an, kó máa gbé èsì àyẹ̀wò rẹ̀ kiri nínú báàgì ọ̀rá, láti ọ̀dọ̀ dókítà kan dé ọ̀dọ̀ dókítà mìíràn, kí àwọn dókítà méjèèjì má sì bára wọn sọ̀rọ̀ láé. Ibi tí ètò ti yàtọ̀ sí àìsí ètò nìyẹn: ta ló ń gbé ọ̀rọ̀ kiri, ilé ìwòsàn ni àbí aláìsàn?

Àwọn tó ń jókòó níbi ìpàdé náà kò pọ̀. Dókítà ọ̀nà ìtọ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni dókítà jẹjẹrẹ tó ń lo ìtànṣán àti oògùn, dókítà tó ń ka àwòrán, dókítà pathology tó ń wo ẹran ara nínú yàrá àyẹ̀wò, nọ́ọ̀sì tó kọ́ nípa jẹjẹrẹ ọ̀nà ìtọ̀, àti akọ̀wé ìpàdé. Bí ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí kò bá sí níbẹ̀, ìpàdé kò tíì pé. Apòògùn, oníṣẹ́ físíò, òṣìṣẹ́ ìrànwọ́ àwùjọ àti dókítà tó ń tọ́jú ìrora máa ń wọlé bí ọ̀rọ̀ bá ṣe kàn wọ́n.

Dókítà pathology ni aláìsàn kì í rí lójú, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni gbogbo ìyókù dúró lé. Láti 1966 tí Donald Gleason, dókítà ará Amẹ́ríkà, ti gbé ọ̀nà ìdíwọ̀n rẹ̀ jáde ni wọ́n ti ń fi nọ́ńbà sọ bí jẹjẹrẹ próstéètì ṣe le tó. Nọ́ńbà méjì ni wọ́n ń rò pọ̀: ti irú sẹ́ẹ̀lì tó pọ̀ jù nínú ẹran náà, àti ti èyí tó tẹ̀ lé e. 3+4 jẹ́ 7. 4+3 náà jẹ́ 7. Lẹ́tà tó bá kàn kọ “Gleason 7” ránṣẹ́ ti fi ohun tó ṣe pàtàkì jù pamọ́, nítorí nínú ti àkọ́kọ́ èyí tó rọ̀ ló pọ̀, nínú ìkejì èyí tó le ló pọ̀, ìtọ́jú àwọn méjèèjì sì lè má jọra rárá. Ìdí nìyẹn tí ìgbìmọ̀ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í fi gba èsì láti ibòmíràn láìtún un wò. Ìwé èsì nìkan kò tó wọn. Gíláàsì tí wọ́n tẹ́ ẹran náà sí ni wọ́n ń béèrè, àti búlọ́ọ̀kù tí wọ́n ti gé e. Ní Nàìjíríà, níbi tí yàrá àyẹ̀wò aládàáni ti pọ̀, kò yẹ kó jẹ́ aláìsàn ni yóò lọ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó yọ búlọ́ọ̀kù sílẹ̀. Lẹ́tà ilé ìwòsàn ló yẹ kó béèrè rẹ̀, lọ́jọ́ tí wọ́n bá gba aláìsàn náà wọlé gan-an, kó tó di pé wọ́n wá a tì.

Ti àwòrán, bí a ṣe tò ó ló ṣe pàtàkì. Tẹ́lẹ̀, bí èròjà PSA bá ga nínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ gé ẹran ní ibi mẹ́wàá sí méjìlá lára próstéètì, láìmọ ibi tí àìsàn náà wà gan-an, kí wọ́n tó wá ya àwòrán MRI. Ẹ̀jẹ̀ tí abẹ́rẹ́ mú jáde á wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á sì ba àwòrán jẹ́. Ìwádìí PRECISION tó jáde ní 2018, tí ọkùnrin 500 kópa nínú rẹ̀, yí i padà. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ya MRI, tí wọ́n sì gún ibi tí àwòrán tọ́ka sí, wọ́n rí jẹjẹrẹ tó lè ṣèpalára lára 38 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀nà àtijọ́ rí i lára 26. Ẹ̀rọ kan náà ni, abẹ́rẹ́ kan náà ni. Èyí tó wà lẹ́yìn tẹ́lẹ̀ ló bọ́ síwájú. Lẹ́yìn náà ni dókítà tó ń ka àwòrán di ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ ṣáájú, kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń fi fíìmù ránṣẹ́ sí lẹ́yìn.

Dókítà jẹjẹrẹ náà gbọ́dọ̀ tètè gbọ́ nípa aláìsàn, kódà bí àìsàn bá ti wọ egungun tí gbogbo èèyàn sì mọ̀ pé hòmóònù ni wọ́n máa dá dúró. Charles Huggins ti fi hàn ní 1941 pé bí a bá yọ kórópọ̀n, jẹjẹrẹ próstéètì tó ti tàn ká á fà sẹ́yìn. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1966, ìtọ́jú yẹn nìkan ló sì jẹ́ ìpìlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2015, ìwádìí CHAARTED fi hàn pé bí wọ́n bá fi oògùn docetaxel kún un láti ìbẹ̀rẹ̀, ìdajì àwọn tó gbà á ṣì wà láyé lẹ́yìn oṣù 57. Ti àwọn tí kò gbà á, oṣù 44 ni. Ó lé ní ọdún kan tí bàbá kan yóò fi wà pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ̀rí ti abiraterone tẹ̀ lé e ní 2017. Àǹfààní yìí ló ń bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n yọ kórópọ̀n rẹ̀ tán, tí wọ́n ní kó máa lọ sílé, kó padà wá bí ara bá ń ni ín.

Bó bá kan ká sọ òdodo, ọwọ́ nọ́ọ̀sì ni ètò náà wà. Orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ ni aláìsàn ń gbé lọ sílé. Òun ló mọ̀ pé Bàbá kò tíì sùn láti ọjọ́ tó ti gbọ́ èsì, pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ti tán láti oṣù tó kọjá, pé ọmọ tó ń sanwó ti pàdánù iṣẹ́, pé agbo wà nínú ìgò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nọ́ọ̀sì tó bá bínú sí agbo kò ní gbọ́ nípa rẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kí apòògùn mọ̀ nípa rẹ̀. Ohun tí dókítà sọ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nọ́ọ̀sì ni yóò jókòó tún un sọ: “Bàbá, ẹ fara balẹ̀. Bí wọ́n ṣe ní ká máa ṣọ́ ọ yẹn, kì í ṣe pé wọ́n ti pa yín tì. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta la ó máa gba ẹ̀jẹ̀ yín. Bó bá yí padà, a ó ti mọ̀.” Ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀rọ ìtànṣán tí kò ní irú nọ́ọ̀sì yìí kò ní ètò.

Akọ̀wé ìpàdé kò ní láti jẹ́ dókítà, ó sì sàn kó má jẹ́. Òun ló ń ti orúkọ pa ní ọjọ́ méjì ṣáájú ìpàdé, tó ń wá gíláàsì àti fíìmù, tó ń kọ ìpinnu sílẹ̀ lójú gbogbo wọn, tó sì ń rí i pé lẹ́tà dé ọ̀dọ̀ dókítà tó kọ́kọ́ rán aláìsàn wá. Níbi tí wọ́n ti gbé iṣẹ́ yìí lé dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́, ọjọ́ tí wọ́n bá gbé e lọ sí ẹ̀ka mìíràn ni ìpàdé ń kú.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ìpàdé ṣe ń tú ọ̀rọ̀ palẹ̀, pẹ̀lú àpẹẹrẹ aláìsàn kan tí irú rẹ̀ wọ́pọ̀. Ọkùnrin ẹni ọdún 68 ni, PSA rẹ̀ jẹ́ 31. Lẹ́tà tó gbé wá sọ pé Gleason 7, pé kókó kan wà ní egungun ìhà, pé jẹjẹrẹ ti tàn dé ibẹ̀. Bí a bá tẹ̀ lé lẹ́tà yìí, oògùn hòmóònù nìkan ni, ìwòsàn ti kọjá. Dókítà tó ń ka àwòrán gbé fíìmù sójú ògiri: ìhà yẹn ti ṣẹ́ rí ni. Nọ́ọ̀sì ní òótọ́ ni, ọ̀kadà gbé bàbá náà ṣubú ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Dókítà pathology ti tún gíláàsì wò: 4+4 ni ó rí. MRI fi hàn pé àìsàn náà ti yọ orí jáde lára próstéètì, ṣùgbọ́n kò tíì kan ibòmíràn. Nǹkan wá yí padà lẹ́ẹ̀mejì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Àìsàn náà le ju bí lẹ́tà ṣe wí lọ, àmọ́ kò tíì rìn jìnnà tó bí lẹ́tà ṣe wí, ó sì ṣeé gbógun tì pẹ̀lú èrò ìwòsàn. Oníṣẹ́ abẹ ní òun lè yọ ọ́, ṣùgbọ́n àtọ̀gbẹ tó ń bá bàbá náà jà àti ibi tí àìsàn náà ti yọ jáde kò jẹ́ kí abẹ dára jù. Ìtànṣán pẹ̀lú oògùn hòmóònù fún ọdún méjì sí mẹ́ta ni wọ́n fẹnu kò sí. Nọ́ọ̀sì tún gbẹ́nu lé e: ìyàwó bàbá náà ní àrùn rọpárọsẹ̀, bàbá náà ló ń tọ́jú rẹ̀, kò lè fi oṣù méjì sùn sí ìlú mìíràn. Dókítà jẹjẹrẹ dá a lóhùn pé ìtànṣán ìgbà 37 kọ́ mọ́, 20 péré ni. Láti 2016 tí ìwádìí CHHiP ti jáde ni wọ́n ti mọ̀ pé ìtànṣán ogún ìgbà ṣiṣẹ́ bíi ti 37. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin nìyẹn. Wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ ìrànwọ́ àwùjọ bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ lórí ẹni tí yóò wà pẹ̀lú ìyá wọn.

Ìmọ̀ràn ni ìgbìmọ̀ ń dá. Ẹni tó ni ara ló ń gbà tàbí kọ̀. Níbí ni ilé Yorùbá ti ní ìṣòro tirẹ̀. Àkọ́bí lè pe dókítà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó ní: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má sọ fún Bàbá pé jẹjẹrẹ ni.” Ìfẹ́ ló mú un wá, àmọ́ ẹni tí a kò sọ fún kò lè yàn, kì í sì í pẹ́ kó mọ̀ nígbà tó bá bá ara rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ sí. Ọ̀nà tó dára ni kí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ bàbá fúnra rẹ̀ ẹni tó fẹ́ kó wà níbẹ̀, kí wọ́n pe ìpàdé ẹbí lẹ́ẹ̀kan, kí ìyàwó àti àwọn ọmọ gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà lọ́jọ́ kan náà. Bí ọ̀rọ̀ yíyọ kórópọ̀n bá wáyé, a gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ohun tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin ń gbọ́ ni pé wọ́n fẹ́ tẹ̀ wọ́n lọ́dàá. Òmíràn á sọ pé òun ń bọ̀, kò ní padà wá mọ́. Abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta ń ṣe iṣẹ́ kan náà láìgé nǹkan kan, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í tán. Iṣẹ́ abẹ náà, ẹ̀ẹ̀kan ni. Kí wọ́n sọ iye méjèèjì fún un ní náírà, kí wọ́n sì sọ fún un pé agbára ọkùnrin ń dín kù nínú méjèèjì. Àìsọ eléyìí kedere ló ń lé àwọn èèyàn lọ.

Àkókò náà ní òfin tirẹ̀. Ètò ìlera ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ọjọ́ 28 lélẹ̀ kí aláìsàn fi mọ̀ bóyá jẹjẹrẹ ni tàbí kì í ṣe òun, àti ọjọ́ 62 láti ìgbà tí wọ́n ti rán an wá dé ìgbà tí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀. Wọn kì í fìgbà gbogbo bá a, àmọ́ gbogbo èèyàn mọ iye ọjọ́ tó ti kọjá. Ohun kan wà tí kì í dúró de ìpàdé: ọkùnrin tí jẹjẹrẹ rẹ̀ ti wọ egungun ẹ̀yìn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú, tàbí tí kò lè tọ̀ mọ́. MRI gbọ́dọ̀ wáyé láàárín wákàtí 24, kí wọ́n fún un ní dexamethasone, kí oníṣẹ́ abẹ egungun ẹ̀yìn àti dókítà onítànṣán gbọ́ lọ́jọ́ náà. Ẹni tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé lè má rìn mọ́, bí a bá dá a dúró de Ọjọ́bọ̀ tí ìgbìmọ̀ ń jókòó. Ó yẹ kí aláìsàn tí egungun rẹ̀ ti kó àìsàn mọ àmì yìí láti ilé.

Ìpàdé náà kì í ṣe oògùn ajẹ́bíidán. Bí àwọn ilé ìwòsàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń kó gbogbo aláìsàn wá síbẹ̀, àkókò kò tó mọ́: ìjábọ̀ tí Cancer Research UK gbé jáde ní 2017 fi hàn pé ó ju ìdajì àwọn aláìsàn lọ tí wọn kò lò ju ìṣẹ́jú méjì lọ lórí ọ̀rọ̀ wọn. Ìṣẹ́jú méjì kò tó láti jíròrò; ó kàn tó láti fọwọ́ síwèé ni. Ní 2020, ètò ìlera England gbà kí wọ́n ya àwọn tí ọ̀nà wọn ti là sọ́tọ̀, kí wọ́n fi ìlànà tó ti wà nílẹ̀ tọ́jú wọn, kí ìpàdé lè rí àyè gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn tó lọ́jú pọ̀. Àléébù mìíràn ni pé ẹni tó dàgbà jù ní yàrá lè máa sọ̀rọ̀ kí ìyókù máa kan sáárá sí i. Níbi tí àwọn Yorùbá ti ń bọ̀wọ̀ fún ọ̀gá tó báyìí, ó yẹ kí alága ìpàdé kọ́kọ́ pe nọ́ọ̀sì àti àwọn dókítà kékeré, kó tó kan ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹni tó bá ti gbọ́ ohùn ọ̀gá kò ní ta kò ó mọ́.

Ní Nàìjíríà, àwọn ilé ìwòsàn ńlá kan ti ní irú ìgbìmọ̀ yìí, tumour board ni wọ́n ń pè é. Ohun èlò náà kò ṣàìsí pátápátá. Ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn ti ń ṣiṣẹ́ láti 1957, ìwé àkọsílẹ̀ jẹjẹrẹ ìlú náà sì ti wà láti àwọn ọdún 1960. Ní 2019 ni wọ́n ṣí ibùdó jẹjẹrẹ NSIA-LUTH ní Ìdí-Àrábà, tó ní ẹ̀rọ ìtànṣán ìgbàlódé. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ kò so àwọn èèyàn pọ̀. Àpò aláìsàn ni owó àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan ti ń jáde, nítorí náà èsì di tirẹ̀: òun ló san owó rẹ̀, òun ló ń gbé e kiri, bó bá sọ nù sínú ọkọ̀, ó sọ nù. Iye tí ìtọ́jú máa jẹ́ látòkèdélẹ̀ kò hàn sí i títí owó fi tán láàárín ọ̀nà, lẹ́yìn tó ti ná gbogbo rẹ̀ sórí àyẹ̀wò tí kò yí ìpinnu kankan padà. Ìgbìmọ̀ tó bá máa wúlò níbí gbọ́dọ̀ máa jíròrò owó bó ṣe ń jíròrò àwòrán. Kí wọ́n béèrè lórí àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan pé: bí èsì rẹ̀ bá jáde, kí ni a máa ṣe tí ó yàtọ̀? Bí kò bá sí, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò.

Apòògùn lè gba ẹbí là lójú ìṣẹ́jú kan. Hóró abiraterone mẹ́rin lóòjọ́ ni wọ́n ń lò láìjẹun, 1,000 mg. Ìwádìí kékeré kan tó jáde ní 2018, pẹ̀lú ọkùnrin 72, fi hàn pé 250 mg pẹ̀lú oúnjẹ àárọ̀ tí ọ̀rá rẹ̀ kò pọ̀ mú PSA wálẹ̀ bákan náà. Ẹ̀rí rẹ̀ kò tíì lágbára bíi ti ìwádìí ńlá, ṣùgbọ́n láàárín hóró kan àti àìrí rárá, ìgbìmọ̀ lè fọwọ́ sí hóró kan, kí wọ́n sì kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Kò yẹ kí aláìsàn dá irú ìpinnu yìí ṣe nílé.

Ọ̀nà jíjìn náà kì í ṣe ìdènà mọ́. Dókítà pathology lè wà ní Ilé-Ifẹ̀, kí dókítà jẹjẹrẹ wà ní Èkó, kí oníṣẹ́ abẹ wà ní Òṣogbo, kí wọ́n jọ ṣèpàdé lórí fóònù alágbèéká, bí iná àti dátà bá gbà. Ohun tó ṣòro ni gbígbà pé aláìsàn tí a fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn kì í ṣe oníbàárà tó sọ nù. Níbi tí owó oníṣẹ́ abẹ bá ti ń wọlé láti orí iṣẹ́ abẹ kọ̀ọ̀kan, a ò lè fi ẹnu lásán mú un jókòó sípàdé.

Lẹ́yìn ìtọ́jú, ètò kò gbọ̀dọ̀ tú. PSA ni wọ́n fi ń mọ̀ bí àìsàn bá ń padà bọ̀, nítorí náà ó yẹ kí ẹnì kan ní ilé ìwòsàn ní ìwé tí ó kọ ọjọ́ àyẹ̀wò gbogbo wọn sí, kó sì pe ẹni tí kò bá wá. Ìtọ̀ tó ń jò ń fẹ́ oníṣẹ́ físíò tó lè kọ́ni bí a ṣe ń fún iṣan ìsàlẹ̀ le, kí ó sì ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú iṣẹ́ abẹ. Ti ìbálòpọ̀, àwọn bàbá kì í fẹ́ béèrè. Kí nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ bá wọn sọ ọ́. Ẹni tí egungun ń ro, ìtànṣán ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lè dín ìrora rẹ̀ kù bíi ti ẹ̀ẹ̀mẹwàá, morphine olómi sì wà fún ìyókù. Dókítà ìrora yẹ kó wọlé nígbà tí aláìsàn ṣì ń rìn, torí bó bá di ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn kí wọ́n tó pè é, ọ̀pọ̀ ohun tí ì bá ṣe ti kọjá.

Láti 2013 ni England àti Wales ti ń ṣe àyẹ̀wò iṣẹ́ wọn lórí jẹjẹrẹ próstéètì ní gbangba, tí ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan lè rí ara rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Níbi tí kò bá tíì sí irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀, ìwé ńlá kan tó ní ìlà márùn-ún tó fún ìbẹ̀rẹ̀: ọjọ́ tí wọ́n gé ẹran, ọjọ́ tí èsì dé, ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ jókòó, ohun tí wọ́n pinnu, ọjọ́ tí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan, ìwé yẹn yóò sọ ibi tí àwọn èèyàn ń há sí. Ilé ìwòsàn tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó kọ́kọ́ yan nọ́ọ̀sì náà, kó fún un ní fóònù àti ìwé yìí, kó sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé iṣẹ́ wọ́ọ̀dù.